Fọ́tò Àwàdà: Ohun Kan Ṣoṣo Ni Kí Ó Ṣàjèjì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó fẹ́ ya fọ́tò àrà láti fi dá ara wọn lára yá ni ó máa ń ti ọjà bẹ̀rẹ̀. Wọn a ra irun aláwọ̀ mèremère, wọn a ra gíláàsì ńlá, bàlúùnù àti aṣọ tí ó ń dán, wọn a sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Bí fọ́tò náà bá wá jáde, kì í pani lẹ́rìn-ín, nítorí pé ojú kò mọ èyí tí òun yóò wò. Ní tèmi o, ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó ṣàjèjì nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ó kù ní láti wà létòlétò, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń jókòó fún fọ́tò ní sítúdíò láyé ọjọ́sí. Bàbá á gbé agbádá wọ̀, á jókòó ṣánṣán, á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, á ya ẹsẹ̀ díẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́ dáadáa, á gbé ọwọ́ lé itan, kò sì ní rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ni a mọ ìjókòó yìí, torí pé ó wà lára ògiri pálọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ìpìlẹ̀ tí ó dára fún àwàdà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ yà jókòó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú agbádá àti fìlà abetí-ajá, ṣùgbọ́n kí ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú báàfù ìfọṣọ tí ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀. Ẹ má fi nǹkan mìíràn kún un. Ẹ rí i pé etí agbádá kò kan omi, pé ẹ ká ṣòkòtò dé orókùn, àti pé ìhó ọṣẹ yọrí díẹ̀ lókè ẹnu báàfù, nítorí bí ó bá rẹlẹ̀ jù, kámẹ́rà kò ní rí i. Ìhó ọṣẹ kì í pẹ́ wọlẹ̀, nítorí náà ẹ parí gbogbo ètò yòókù kí ẹ tó po ó. Ojú ẹni náà gbọ́dọ̀ le bí ojú ẹni tí wọ́n ń fi joyè lọ́wọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fi lè rẹ́rìn-ín pẹ́nrẹ́n, ó ti gba iṣẹ́ ẹni tí yóò wo fọ́tò ṣe.

Ẹ má sì sọ pé ẹ kò ní irinṣẹ́. Ayafọ́tò Samuel Fosso, tí wọ́n bí ní Cameroon ní 1962 tí ó sì gbé ní Nàìjíríà nígbà èwe rẹ̀, ṣí sítúdíò ní ìlú Bangui ní orílẹ̀-èdè Central African Republic ní 1975, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 13. Ìwọ̀nba fìlímù tí àwọn oníbàárà lò kù ni ó fi ń ya ara rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kí fìlímù má baà ṣòfò, a sì máa fi lára àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà ní Nàìjíríà. Ní 1997, ó ya ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olóyè tí ó ta Áfíríkà fún àwọn amúnisìn: awọ ẹkùn, ohun ọ̀ṣọ́ rẹpẹtẹ lọ́rùn, gíláàsì lójú, òdòdó lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ẹrù pọ̀ nínú fọ́tò yẹn ju bí mo ṣe sọ lókè lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kánjúwà ni gbogbo ẹrù náà ń sọ, kò sí èyí tí ó ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kò jìnnà sí wa rárá. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní àwọn ọdún 1970, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìjẹ́ pé wọ́n ya fọ́tò pọ̀, ayafọ́tò a máa ya èyí tí ó wà láyé lẹ́ẹ̀mejì, a sì so méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jókòó ti ara wọn. Bí ìbejì náà bá jẹ́ akọ àti abo, ọmọ kan náà ni yóò wọ aṣọ ọkùnrin níhìn-ín tí yóò sì wọ aṣọ obìnrin lọ́hùn-ún. Wọn kò fi ṣe eré, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ ni kí a kọ́. Ẹ gbé fóònù sórí ohun tí kò ní mì. Ẹ tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù mọ́lẹ̀ títí yóò fi fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ kò ní yí padà mọ́. Ẹ ya ẹni náà ní apá òsì, kí ó pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ tún yà á ní apá ọ̀tún, láìjẹ́ kí apá tàbí òjìji rẹ̀ ré kọjá àárín. Ẹ yára, torí oòrùn ń rìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fọ́tò kan lé orí èkejì nínú áàpù, kí ẹ sì nu ìdajì tí ẹni náà kò sí nínú fọ́tò tí ó wà lókè kúrò.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ẹ sá fún oòrùn ọ̀sán gangan, nítorí pé ó máa ń sọ ihò ojú di dúdú. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dára, kò sì béèrè NEPA. Bí ẹnì kan bá ń fò sókè, ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí fún ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, tàbí kí ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dàrú.

Bí ó bá di pé ẹ ń jáde síta, ẹ má wọ aṣọ ológun, kódà bí ó bá jẹ́ fìlà lásán: ó lòdì sí òfin ní Nàìjíríà, ẹni tí yóò sì bá yín níbẹ̀ kò ní béèrè bóyá àwàdà ni. Ẹ̀kú egúngún náà kì í ṣe aṣọ eré. Bí ó bá jẹ́ inú ọjà, ẹ lọ kí ìyálọ́jà kí ẹ tó yọ kámẹ́rà, kí ẹ sì ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún àwọn tí ìsọ̀ wọn yóò hàn lẹ́yìn yín. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹ yí kámẹ́rà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.