Àwọn Aràn Inú Ìṣáwùrú Kì í Ṣe Ayálégbé Tí Ó Rẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìṣáwùrú tí ó bá ti kó aràn dà bí ilé tí oríṣiríṣi ayálégbé ń gbé láìyọ ara wọn lẹ́nu, nítorí wọn kò rò pé ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè bá ẹlòmíràn jà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá kó ìṣáwùrú jọ láti inú omi, èyí tí wọ́n ń bá oríṣi aràn méjì nínú rẹ̀ sábà máa ń kéré sí iye tí ìbá jẹ́, ká ní olúkúlùkù aràn kàn ń wọlé bí ó ti wù ú.

Ibi tí ìjà ti le jù ni ibi tí aràn ẹlẹ́nu ti pàdé aláìlẹ́nu. Ọmọ aràn Echinostoma tí à ń pè ní rídíà ní ẹnu, ó ní ọ̀fun tí ó lágbára, ó sì ní ìfun. Ti Schistosoma mansoni, ọ̀kan lára àwọn aràn tí ń fa àtọ̀sí ajá, jẹ́ àpò lásán tí ń fi awọ ara fa oúnjẹ. Bí a bá fọ́ karawun ìṣáwùrú tí méjèèjì wà nínú rẹ̀, tí a gbé ẹran rẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, a lè rí rídíà tí ó gbé ẹnu lé àpò náà, tí ó ń fà á mì díẹ̀díẹ̀, tọmọtọmọ tí ìyẹn ìbá tú sínú omi.

Àwọn tí ó tilẹ̀ gbà pé ìjà ń bẹ a máa sọ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó nilé. Irọ́ ni èyí náà, nítorí Echinostoma lè dé lẹ́yìn kí ó sì jẹ onílé run. Lie Kian Joe, onímọ̀ nípa aràn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí irú ìjà yìí ní ọdún 1965.

Síbẹ̀ (ibi tí ó yà mí lẹ́nu jù nìyí), ọ̀tá kan náà lè ṣílẹ̀kùn: ìṣáwùrú tí ó máa ń pa S. mansoni tí ó bá wọ inú rẹ̀ lè gbà á wọlé lẹ́yìn tí Echinostoma paraensei bá ti sọ ààbò ara ìṣáwùrú náà di aláìlágbára. Ìdí nìyí tí dída ẹyin Echinostoma sínú omi láti fi gbógun ti àtọ̀sí ajá kò fi rọrùn bí ó ti ń dún létí, pàápàá nígbà tí àwọn oríṣi Echinostoma kan ń gbé inú ìfun ènìyàn fúnra wọn.