Kí ni olè fẹ́ fi orúkọ ẹni tí ò lówó ṣe? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn tó ń jí ìdánimọ̀ èèyàn

Iṣẹ́ káfé ni mò ń ṣe ní Sángo níbí, n'Íbàdàn. Fótókópì, ká bá èèyàn tẹ lẹ́tà, ká bá wọn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo nǹkan báyẹn, torí náà kò sí àárọ̀ kan tí ìwé NIN tàbí káàdì ìdìbò ẹnì kan ò ní gba ọwọ́ mi kọjá. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé orúkọ olórúkọ wọ̀ láti fi ṣiṣẹ́ ibi ń dùn mí gan-an, torí àwọn tí wọ́n ṣe é fún ló ń wá jókòó síwájú mi pé kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí báńkì. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn.

Owó tó wà ní àkáǹtì mi ò tó ra dẹ̀rẹ̀ gààrí kan. Kí ni wọ́n fẹ́ jí lọ́wọ́ mi?

Ìbéèrè yìí ni mo ń gbọ́ jù, pàápàá lẹ́nu àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Bódìjà. Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Kì í ṣe gbogbo ìgbà lolè ń wá owó yín. Orúkọ yín ló ń wá. Ẹni tó fẹ́ lu ẹlòmíì ní jìbìtì ní láti ní àkáǹtì tí owó yẹn máa wọlé sí, kò sì jẹ́ fi orúkọ ara ẹ̀ ṣí i, torí láti ọdún 2014 tí CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti gbé BVN jáde, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì fi ń mọ èèyàn, wọ́n ti so ojú èèyàn àti ìka ọwọ́ ẹ̀ mọ́ àkáǹtì ẹ̀, nígbà tó sì tún di March 2024, CBN ní kí báńkì dá àkáǹtì tí ò bá ní BVN tàbí NIN dúró. Òfin yẹn dáa o, mi ò bá a jà. Àmọ́ ohun tó mú wá ni pé olè ti wá nílò ojú ẹlòmíì, orúkọ ẹlòmíì, nọ́ńbà ẹlòmíì, ẹni tí ò jẹ gbèsè, tí ò lẹ́jọ́ lọ́rùn, tí kì í sì í yẹ nǹkan wò lórí fóònù. Ìyá tó ń ta gààrí gan-an lẹni tí wọ́n ń wá.

Tí wọ́n bá ti rí orúkọ àti nọ́ńbà yẹn, wọ́n á fi ṣí àkáǹtì lórí fóònù láìdé báńkì kankan, wọ́n á fi yá owó lórí áàpù, wọ́n á fi forúkọ sím sílẹ̀ tí wọ́n á máa fi pe èèyàn. Lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú, nọ́ńbà ta ni ọlọ́pàá máa rí? Tiyín ni. Ẹ ṣáà mọ oríkì ìlú wa yìí, níbi olè gbé ń jàre olóhun. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹni tó jalè ti para dà sí orúkọ míì, ẹni tí wọ́n jí orúkọ ẹ̀ ló máa wá jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá, tó ń ṣàlàyé pé òun ò mọ nǹkan kan.

Ṣé ẹni tó bá ti mọ BVN mi lè kó owó mi lọ?

Rárá. Nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn nìkan, kò lè gbé kọ́bọ̀ jáde. Ibi tó rú àwọn èèyàn lójú nìyí, torí wọ́n á ní tí kò bá lè gbówó, kí ló dé tí ẹ ní ká fi pamọ́?

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó èèyàn jọ. BVN lọ́wọ́ ẹnì kan, ọjọ́ ìbí lórí Facebook níbi tí àwọn ọmọ yín ti kọ “Happy birthday Màámi, ẹ kú ọgọ́ta ọdún”, àdírẹ́sì lára ìwé iná tí ẹ fi ṣe fótókópì, nọ́ńbà fóònù lára ìwé ìpè òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sí èyí tó jẹ́ nǹkan bàbàrà nínú ẹ̀. Tó bá ti pé sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo tán, ìgbà yẹn ló máa pè yín:

“Ẹ kú àárọ̀ mà. Láti báńkì yín ni. Ẹ má bínú pé a dí yín lọ́wọ́ o. NIN yín ni ò bá BVN yín mu, ó ku díẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì yín pa. Ṣebí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ni wọ́n bí yín? Ẹ ṣé mà. BVN yín parí sí báyìí báyìí, àbí? Ó dáa, nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, ẹ bá mi kà á.”

Ẹ ò ri pé kò béèrè BVN lọ́wọ́ yín rárá. Òun ló ń kà á fún yín. Ohun tó mọ̀ nípa yín ló fi ra ìgbàgbọ́ yín, nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, ìyẹn OTP, ló sì kù tó ń wá. Kò sí òṣìṣẹ́ báńkì kankan tó nílò kí ẹ ka OTP fún òun, ì báà jẹ́ máníjà. Tí wọ́n bá ti béèrè ẹ̀, ẹ gé fóònù yẹn, ẹ má tiẹ̀ dágbére.

Níbo ni wọ́n ti ń rí àwọn nǹkan yìí?

Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ara wa ni. Mo ra àkàrà nítòsí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo tú u, ojú ọkùnrin kan ló wò mí látinú ìwé tí wọ́n fi wé e. Ìwé NIN ni, fótókópì tí dúdú ẹ̀ ti pọ̀ jù, epo ti rin ín, àmọ́ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà mọ́kànlá ṣì hàn kedere lábẹ́ epo yẹn. Ìyá alákàrà ò mọ̀wé, kò ṣẹ̀ sẹ́nì kan. Ó ra ìwé ní kílò kílò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ni, ẹni yẹn náà sì rà á lọ́wọ́ ọ́fíìsì àti káfé. Èyí tí a bá pírìǹtì tó bàjẹ́, a máa jù ú sínú páálí, tí páálí bá kún a tà á. Iṣẹ́ wa ni mo ń sọ yẹn, kì í ṣe ti ẹlòmíì.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, líńkì wà tí wọ́n máa ń pín kiri lórí WhatsApp, pé ìjọba fẹ́ fún èèyàn lówó ìrànwọ́, ẹ kọ orúkọ, NIN, BVN, kí ẹ tún pín in fún ẹgbẹ́ mẹ́wàá. Àwọn kan tún wà tó máa ń gbé tábìlì wá sí àdúgbò, wọ́n á ní kí ẹ mú NIN wá, kí ẹ wo kámẹ́rà, kí ẹ ṣẹ́jú, kí ẹ yíjú sí ọ̀tún, wọ́n á sì fún yín ní owó díẹ̀. Ojú yín tí ẹ yí sí ọ̀tún yẹn, àkáǹtì ni wọ́n ń fi ṣí níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lópin ọdún 2024, NIMC, àjọ tó ń fún wa ní NIN, fúnra wọn kìlọ̀ pé ẹni tó bá ta NIN ẹ̀ fún irú àwọn yìí, òun ló máa ru ohun tó bá tẹ̀yìn ẹ̀ yọ.

Ó sì yẹ kí n sọ pé kì í ṣe àìbìkítà àwa aráàlú nìkan. Lọ́dún 2024 yẹn náà, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, figbe ta pé ibì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta ìwé NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọgọ́rùn-ún náírà. NIMC ní kò sẹ́ni tó wọ ibi tí àwọn kó nǹkan pamọ́ sí. Èyí tó wù kó jẹ́, ọgọ́rùn-ún náírà! Kò tó ra pọ́fù. Inú ń bí mi tí mo bá rántí ẹ̀, torí ìjọba ló ní dandan ká ṣe é, àwọn ló sì yẹ kí wọ́n ṣọ́ ọ.

Ọmọ mi ní Poly ní ọ̀rẹ́ òun kan fẹ́ yá àkáǹtì òun lò, pé owó kan fẹ́ wọlé. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ olè jíjà?

Kí ó má dán an wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ pè é lónìí. Ẹni tó bá ní owó tó mọ́ lọ́wọ́, àkáǹtì ara ẹ̀ ló máa fi gbà á. Àwọn ọmọ wa ní Apẹ̀tẹ́ àti Agbowó ni wọ́n ń fi èyí mú jù, wọ́n á ní kí ọmọ yọ ìdá mẹ́wàá nínú owó náà kó fi èyí tó kù ránṣẹ́, ọmọ á rò pé oore wọlé. Owó ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ni. Tí ẹni yẹn bá fẹjọ́ sùn, àkáǹtì ọmọ yín ni ìtọpinpin máa já sí, báńkì á dì í pa, wọ́n sì lè kọ BVN ẹ̀ sínú watchlist, ìwé tí gbogbo báńkì máa ń wò. Ọmọ ogún ọdún tó bá ti wọ inú ìwé yẹn, báwo ló ṣe fẹ́ gba owó oṣù àkọ́kọ́ ẹ̀?

Wọ́n já fóònù mi gbà ní Ìwó Road. Mo ti pa píìn mọ́ ọn, ṣé kò séwu?

Ewu wà. Píìn yẹn, fóònù ló tì, kò ti sím. Olè á yọ sím, á fi í sínú fóònù kékeré míì, á tẹ *565*0#, BVN yín lè jáde síbẹ̀. Á tẹ *346#, NIN náà. Kóòdù tí wọ́n ṣe fún wa ká lè rántí nọ́ńbà wa ló ń lò yẹn. OTP báńkì náà á máa wọlé fún un, á sì lè tẹ kóòdù báńkì yín tí píìn ẹ̀ bá rọrùn láti mọ̀, bíi ọdún ìbí.

Ẹ ti sím fúnra ẹ̀ pa. Inú sẹ́tìn fóònù ni SIM lock wà, tí ẹ bá ti tàn án, ẹni tó bá ki sím yẹn bọ fóònù míì máa kọ́kọ́ tẹ píìn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè píìn tó bá a wá lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín o, torí tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mẹta, á tì pa, àfi kí ẹ lọ gba PUK, nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń ṣí sím tó bá ti tì. Lọ́jọ́ tí fóònù bá sì sọnù, kí ẹ tó sunkún, ẹ gba fóònù ẹnikẹ́ni tó wà nítòsí, ẹ pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì, ẹ pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n ti sím. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, kí ẹ fi sílé.

Ohun míì tún wà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá kàn ṣàdédé kú tí ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sì ń ṣiṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí á fi padà dé. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti lọ fi orúkọ yín gba sím tuntun.

Sím tí mi ò lò mọ́ ńkọ́?

Tó bá pẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa tà á fún ẹlòmíì. Ẹ lọ yọ nọ́ńbà yẹn kúrò ní báńkì àti lára NIN yín kí ẹ tó pa á tì.

Kí ni àdúgbò lè ṣe sí i? Ṣebí ọ̀rọ̀ ara ẹni ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara ẹni rárá. Tí wọ́n bá gba WhatsApp ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àjọ, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n máa kọ̀wé sí: “Ẹ jọ̀ọ́, mo wà ní ọsibítù, ẹ bá mi fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ránṣẹ́, mo máa dá a padà lálẹ́.” Àwọn èèyàn á fi ránṣẹ́ torí wọ́n fẹ́ràn ẹni yẹn. Níbi ìpàdé lánlọ́ọ̀dù, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ ká fi ẹnu kò pé ẹni tó bá tọrọ owó lórí WhatsApp, a máa pè é ká gbọ́ ohùn ẹ̀, tí kò bá gbé e, a ò ní sanwó. Kí àwọn ọ̀dọ́ jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n bá wọn tan two-step verification, píìn kejì tí WhatsApp máa ń béèrè kí ẹlòmíì tó lè gbé e sórí fóònù míì.

Àwọn bàbá wa tó ti fẹ̀yìn tì nílò ẹ̀ jù, torí olè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì máa ń já wọn láyà. Kí bàbá mọ ọmọ kan pàtó tí á máa pè tí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń pè láti ọ́fíìsì pẹ́ńṣọ̀n. Kí ọmọ yẹn sì má bínú tí bàbá bá pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Wọ́n ti lo orúkọ mi. Ibo ni kí n kọ́kọ́ lọ?

Báńkì ni, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ ní kí wọ́n bá yín wo gbogbo àkáǹtì tó so mọ́ BVN yín, ẹ fi ìwé kọ èyí tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí òun ló máa fi hàn pé ẹ ti pariwo kí ìwà ọ̀daràn míì tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ búra ní kóòtù Ìyàgankú, kí ẹ gba áfídéfíìtì, kí ẹ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ọ́fíìsì EFCC náà wà ní Ìyàgankú níbẹ̀. Jíjí ìdánimọ̀ èèyàn wà nínú òfin Cybercrimes Act ọdún 2015, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yẹn ò kan ọlọ́pàá. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ kan ló jẹ́ kí nǹkan yín jò síta, òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo ìsọfúnni èèyàn ti wà fún ìyẹn, NDPC, àjọ tó ń mójú tó òfin yẹn, ni ẹ máa kọ̀wé sí. Tó bá jẹ́ gbèsè ni wọ́n jẹ lórúkọ yín, ẹ béèrè ìwé gbèsè yín lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ gbèsè èèyàn sílẹ̀, bíi CRC tàbí FirstCentral, kí ẹ mọ iye tó wà níbẹ̀.

A ò lè ṣe ká má ṣe fótókópì. Kí wá ni ká ṣe?

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ gba àárín ẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé lẹ fẹ́ gbà, ẹ fi bírò kọ “fún ilé gbígbà nìkan” àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, kó gba orí fọ́tò kọjá díẹ̀, kó má bo orúkọ. Ẹni tó bá rí i he ò ní lè fi ṣí àkáǹtì ní ìrọ̀rùn mọ́. Tí ẹ bá sì wà ní káfé, ẹ ní kí wọ́n kó èyí tó bàjẹ́ fún yín, tó bá jẹ́ orí WhatsApp lẹ fi ránṣẹ́, ẹ dúró tì í títí á fi pa á rẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò ta ìwé mọ́, mò ń ya á lójú ẹni tó ni ín, àwọn kọ́sítọ́mà míì sì ti ń na ọwọ́ gbà á ya fúnra wọn.