Ọwọ́ Ọ̀tún Kì í Ṣe Ìlà-oòrùn

Ẹ ní kí ọmọ méjì kọjú síra wọn, kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún. Ti ọ̀kan á kọjú sí ilẹ̀kùn, ti èkejì á kọjú sí fèrèsé. Ẹ wá ní kí wọ́n nawọ́ sí ibi tí oòrùn ti ń là: ibì kan náà ni àwọn méjèèjì á nawọ́ sí. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ nípa igun mẹ́rin ayé dúró lé. Ọ̀tún àti òsì ń bá ara ènìyàn yí. Àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn kì í bá ẹnikẹ́ni yí.

Ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn kò nira fún ọmọ tó gbọ́ Yorùbá, torí ìtumọ̀ wọn wà lára orúkọ wọn. Àríwá àti gúúsù ni ọmọ máa ń fi ọ̀kan pe èkejì. Nítorí náà, ẹ ti ara oòrùn bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀, kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún sí oòrùn tó ń yọ: iwájú rẹ̀ ni àríwá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gúúsù, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ìwọ̀-oòrùn. Ibí yìí ni olùkọ́ púpọ̀ ti ń dúró, kò sì yẹ kí wọ́n dúró síbẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ náà kẹ̀yìn sí ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, kí ẹ tún bi í pé níbo ni ìlà-oòrùn wà. Bó bá tún na ọwọ́ ọ̀tún, kò tíì yé e.

Oòrùn fúnra rẹ̀ kì í là sí ojú kan náà látòṣù dóṣù. Nínú oṣù kẹfà, ó máa ń yà tó ìwọ̀n (dígírì) 23 sí ìhà àríwá. Nínú oṣù kejìlá, ó máa ń yà tó bẹ́ẹ̀ sí ìhà gúúsù. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án parí nìkan ló ń là ní ìlà-oòrùn gan-an. Bí ẹ bá fẹ́ fa ìlà tó péye sí ilẹ̀ ọgbà ilé ìwé, igi àti òjìji ni kí ẹ lò.

Ẹ ri igi tó gùn tó mítà kan mọ́lẹ̀ níbi tó tẹ́jú, kó dúró ṣánṣán. Ẹ fi òkúta sí ibi tí orí òjìji rẹ̀ dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, òjìji á ti sún tó sẹ̀ǹtímítà 8 tàbí 9. Ẹ fi òkúta kejì síbẹ̀. Òkúta àkọ́kọ́ ni ìwọ̀-oòrùn, èkejì ni ìlà-oòrùn, torí pé bí oòrùn ti ń lọ sí ìwọ̀ ni òjìji ń sá lọ sí òdìkejì. Láàárín agogo 12 sí agogo 1 ààbọ̀ ọ̀sán ló dára jù. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ máa ń mú kí ìlà náà wọ́. Ní Ìbàdàn, oòrùn kì í dé góńgó ní agogo 12. Nǹkan bí agogo 12 kọjá ìṣẹ́jú 45 ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé tó bá ní òjìji ọ̀sán máa ń kọjú sí àríwá. Òótọ́ ni ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá wa ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá, gúúsù sì ni òjìji ń kọjú sí. Ọmọ tó bá gba ìwé náà gbọ́ nínú oṣù kẹfà á fi gúúsù pe àríwá.

Kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí àríwá, àmọ́ ẹ má gbé e lé tábìlì onírin, ẹ má sì gbé e sún mọ́ fóònù. Wọ́n á fa abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tún ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹ bi ọmọ léèrè àríwá, á na ìka sókè ọ̀run. Èdè wa gan-an ń ràn án lọ́wọ́, ṣebí Òkè-Ọya là ń pe àríwá Nàìjíríà. Ẹ tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀, kí ẹ yí i títí àríwá rẹ̀ á fi bá àríwá gidi mu.

Bí a bá ń sọ ibi tí nǹkan wà, a gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. "Ìbàdàn wà ní gúúsù" kò tíì pé. Gúúsù sí Ọ̀yọ́ ni, àríwá sì ni sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan ṣoṣo láti àríwá sí gúúsù. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, "sí", ṣe pàtàkì. "Àríwá Ìbàdàn" lè jẹ́ àdúgbò kan nínú Ìbàdàn, ṣùgbọ́n "àríwá sí Ìbàdàn" ti kúrò nínú ìlú. Ẹ jẹ́ kí ó mọ́ wọn lẹ́nu.

Nígbà tí mẹ́rin bá ti yé wọn, ẹ fi àwọn mẹ́rin tó wà láàárín kún un. Ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn, gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló sì ń fẹ́ lọ. Orúkọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá là ń fi pè é, àmọ́ ibi tí ènìyàn ń lọ là ń sọ bó bá ń rìn, ọmọ sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Mọ́sálásí náà wúlò níbí: láti Ìbàdàn, ọ̀nà Mẹ́kà wà láàárín àríwá-ìlà-oòrùn àti ìlà-oòrùn, kì í ṣe ìlà-oòrùn gan-an bí ọ̀pọ̀ ti rò.

Fún ìrìn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa àpótí mẹ́fà ní ìbú, mẹ́fà ní òró, kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìdajì mítà, kí ìlà rẹ̀ sì bá òkúta méjì yẹn mu. "Rin àpótí mẹ́ta sí àríwá, kí o rin méjì sí ìlà-oòrùn." Ẹ má sọ "yà sí ọ̀tún" rárá. Ẹ ní kí ọmọ kọjú sí àríwá títí eré á fi parí: bó bá ń lọ sí ìlà-oòrùn, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi rìn, bó bá ń lọ sí gúúsù, ẹ̀yìn ni. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ó ka àpótí tó dúró sí mọ́ ọn. Ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni kíkà bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó sọ ọ̀nà tó máa gbà padà. Ó gbọ́dọ̀ yí ìhà padà, kó sì yí ètò padà pẹ̀lú: méjì sí ìwọ̀-oòrùn, lẹ́yìn náà mẹ́ta sí gúúsù. Èyí tó bá fi gúúsù ṣáájú náà á délé, àṣìṣe rẹ̀ kò sì ní hàn. Nítorí náà, kó tó gbéra, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí àpótí tó wà ní gúúsù ibi tó dúró sí.