Wáìnì dráì: kí ló gbẹ nínú rẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì Ojúde Ọba, ìgò wáìnì mẹ́fà la tò sórí tábìlì nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo wọn láti ilẹ̀ Yúróòpù. A fẹ́ tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ bá. Chablis ni mo kọ́kọ́ ṣí. Àǹtí wa àgbà fi kan ẹnu, wọ́n gbé ife sílẹ̀.

"Èyí ti kan. Ẹ dà á nù."

Mo ní, "Àǹtí, kò bàjẹ́ o. Dráì ni."

"Nǹkan olómi! Báwo ló ṣe máa gbẹ?"

Ìbéèrè yẹn tọ́. "Sec" tí àwọn Faransé ń kọ sára ìgò, "secco" ti Ítálì, "trocken" ti Jámánì, gbígbẹ ni gbogbo wọn. Ṣúgà ni wọ́n ń sọ. Wáìnì dráì ni èyí tí ṣúgà inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹni tó bá mọ ògùrọ̀ á tètè lóye rẹ̀. Èyí tí adẹ́mu gbé dé láàárọ̀ kùtù máa ń dùn. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, adùn ti lọ, ó ti ń pani. Yíìsì inú rẹ̀ ló ń jẹ ṣúgà, tó ń sọ ọ́ di ọtí, tó sì ń mú un hó. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi èso àjàrà. Tí yíìsì bá jẹ ṣúgà tán, dráì ló máa dà. Tí wọ́n bá dá a dúró lójú ọ̀nà, adùn á ṣẹ́ kù. Ní àfonífojì Douro ní Pọ́túgàl, wọ́n á da ọtí líle kan, tí wọ́n fi èso àjàrà sè bí a ṣe ń sè ògógóró, sínú wáìnì tó ṣì ń hó. Yíìsì á kú, ṣúgà á kù síbẹ̀. Port nìyẹn, ọtí inú rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100.

Lábẹ́ òfin Yúróòpù, wáìnì tí kì í hó nínú ife bíi ti Champagne lè jẹ́ orúkọ dráì tí ṣúgà rẹ̀ kò bá ju gíráàmù 4 lọ nínú lítà kan, bíi ṣíbí tíì kan. Tí kíkan rẹ̀ bá pọ̀ tó, wọ́n gbà á dé 9.

Kíkan tí Àǹtí wa bá nínú Chablis, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Àríwá ilẹ̀ Faransé ló ti wá, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí kíkan èso náà tán. Ẹ wo gàrí Ìjẹ̀bú. Ẹ bu ṣúgà sí i, yóò dùn, síbẹ̀ kíkan rẹ̀ wà níbẹ̀. Riesling kan láti Mosel ní Jámánì rí bẹ́ẹ̀: ṣúgà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ bò ó débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kò sí.

Ti Barolo, wáìnì pupa láti Ítálì, tún yàtọ̀. Ó mú èrìgì wa gbẹ bí ẹni tó jẹ obì. Tánínì ló ń ṣe ìyẹn, láti ara èèpo àti kóró èso náà. Dráì ni Barolo lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbígbẹ ẹnu yẹn ló fún un lórúkọ. Port pàápàá ní tánínì. Itọ́ tó bá ń sun, kíkan ni. Èrìgì tó bá gbẹ, tánínì ni. Bí òórùn bá ń tàn yín pé ó dùn, ẹ di imú kí ẹ tó tọ́ ọ wò.

Èyí tó ń dùn mí jù lóde ìnáwó ni ti Champagne. Ẹni tó ń sá fún ṣúgà á rí "Extra Dry", á gbé e. Bẹ́ẹ̀, gíráàmù 12 sí 17 ló wà nínú lítà rẹ̀. "Brut" kì í tó 12. "Demi-Sec" wà láàárín 32 sí 50. "Brut" ni kó béèrè.

Mo wá rí ife málítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí. Wọ́n ti mu ún kí a tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan dídùn, kò sí wáìnì dráì tí kò ní kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi Port sẹ́yìn pátápátá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi omi yọ́nu, kí wọ́n jẹ ẹja inú ìkọ́kọrẹ́ wọn díẹ̀. Wọ́n tún un tọ́ wò.

"Ó ṣì kan," ni wọ́n wí. "Àmọ́ má dà á nù mọ́."