Regeneration: nọ́ọ̀bù kan lára rédíò tí a fọwọ́ ara wa tò

Ẹni tó bá ra kíìtì rédíò ham (ham ni àwọn tó ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn), ìyẹn àpò kékeré tí wọ́n kó ẹ̀yà ara rédíò sí kí olúwarẹ̀ fi léèdì jó wọn pọ̀ fúnra rẹ̀, lè bá nọ́ọ̀bù mẹ́ta lójú rẹ̀ tó bá tò ó tán. Ọ̀kan ń wá ilé-iṣẹ́ rédíò, ọ̀kan ń gbé ohùn sókè, ẹ̀kẹta ni wọ́n kọ REGEN sí. Ẹ̀kẹta yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọ́n á yí i dé òpin bí ẹni ń yí ohùn sókè, rédíò á hu fíìì, wọ́n á ní kò dáa, wọ́n á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí rédíò náà kò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá mọ nọ́ọ̀bù yẹn lò ti mọ gbogbo rédíò náà lò.

Ẹ rántí jangilọ́fà ìgbà èwe. Ẹ ti ọmọ lẹ́ẹ̀kan, á fì lọ, á fì bọ̀, okùn àti afẹ́fẹ́ á máa jẹ agbára rẹ̀ títí yóò fi dúró. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá wà lẹ́yìn tó ń fi ìka kan tì í nígbàkígbà tó bá padà dé, lásìkò tó yẹ gẹ́lẹ́, ìka kan yẹn á dí ohun tó ń ṣòfò, ọmọ á sì máa fì lọ jìnnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná tín-ín-rín tí antẹ́nà gbà ṣe ń fì síwá sẹ́yìn láàárín kọ́ìlì (wáyà tí a wé) àti kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀) rédíò. Ó kéré gan-an, wáyà kọ́ìlì sì tún ń jẹ nínú rẹ̀. Tiransísítọ̀ á sọ ọ́ di ńlá. Regeneration ni pé ká bu díẹ̀ nínú èyí tó ti di ńlá yẹn, ká dá a padà sínú kọ́ìlì ní àsìkò tó bá ti àkọ́kọ́ mu, kó tún gba inú tiransísítọ̀ kan náà kọjá, ká tún bù ú padà. Bí ohun tí à ń dá padà ṣe ń sún mọ́ iye tó ń ṣòfò ni agbára ń pọ̀ sí i, tí rédíò sì ń ya ilé-iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára aládùúgbò rẹ̀. Iye tí à ń dá padà ni nọ́ọ̀bù REGEN ń sọ.

Tó bá wá kọjá ohun tó ń ṣòfò ńkọ́? Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lóde ìnáwó: ẹni tó mú máìkì rìn sún mọ́ sípíkà, ariwo sọ. Ohùn ń jáde ní sípíkà, ó ń wọ máìkì, ó tún ń jáde. Rédíò náà á máa dá fì láìsí ilé-iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀. Oscillation ni wọ́n ń pe ìyẹn. Lóde ìnáwó, àbùkù ni; nínú rédíò yìí, a máa lò ó.

Edwin Howard Armstrong, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York, ló rí ọgbọ́n yìí ní 1912, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 22. Lee de Forest, ẹni tó ṣe gílóòbù rédíò tí Armstrong lò, ní òun ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì bára wọn ṣẹjọ́ títí di 1934, tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá de Forest láre. Lọ́dún náà ni Armstrong gbé àmì-ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ rédíò fún un nítorí ọgbọ́n yìí lọ bá wọn pé kí wọ́n gbà á padà. Wọ́n kọ̀, wọ́n dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yìn àwọn yẹn ni mo wà.

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti rédíò náà wàyí. Ẹ fi íyápíìsì sétí. Ká lo ọ̀nà mítà 40 (ibi tí ìgbì rédíò kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bíi mítà 40), níbi tí wọ́n fún àwọn ham ilẹ̀ Áfíríkà àti Yúróòpù ní 7,000 sí 7,200 kHz. Ẹ yí REGEN sílẹ̀ pátápátá, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. Ẹ wá máa yí i bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ariwo ṣàà kan á bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí akàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òróró gbígbóná, á máa ga, títí ẹ ó fi gbọ́ "pọ́" kékeré kan tí ṣàà náà á sì fẹ̀ lójijì. Ẹnu ọ̀nà oscillation nìyẹn. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, títí ọwọ́ yín á fi mọ ibẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ka ìròyìn tàbí tó ń kọrin lórí AM, ẹ dúró díẹ̀ sẹ́yìn ẹnu ọ̀nà yẹn. Ti Morse, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi fèrè kúkurú àti gígùn tẹ̀, ẹ wọlé díẹ̀. Ká sọ pé ẹnì kan ń tẹ Morse lórí 7,030 kHz: agbára rẹ̀ ń fì nígbà 7,030,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ yí tiyín kó máa fì nígbà 7,030,700. Kò sí etí tó lè gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pàdé nínú tiransísítọ̀, ìyàtọ̀ àárín wọn á jáde: 700, fèrè tó ṣeé gbọ́ dáadáa. Ẹ sún mọ́ ọn, fèrè á máa rẹlẹ̀. Tí méjèèjì bá dọ́gba, á pa. Ẹ kọjá, á tún máa ga bọ̀ lódìkejì. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi máa bá ẹnì kan náà níbi méjì.

Àwọn tó ń fẹnu sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ń lo SSB. Wọ́n ti yọ agbára àárín, èyí tí AM fi ń gbé ohùn, kúrò lára ohùn wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dún bíi pẹ́pẹ́yẹ lórí rédíò lásán. Oscillation tiyín ló máa dí àyè ohun tí wọ́n yọ. Ẹ yí REGEN wọlé ju ti Morse lọ, kí ẹni tí ohùn rẹ̀ lágbára má baà fa rédíò yín tẹ̀lé ara rẹ̀, kí ẹ wá fi ìka rọra wá ibi tí pẹ́pẹ́yẹ á ti di èèyàn. Ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́: tí ẹ bá kan REGEN, ibi tí ẹ dúró á yẹ̀ díẹ̀, ẹ ó tún un wá.

Kíìtì tí mo kọ́kọ́ tò kò hu rárá. Mo jó gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo pààrọ̀ tiransísítọ̀, òfo ni. Kọ́ìlì kékeré tó ń dá agbára padà ni mo so lódì: ó ń ti jangilọ́fà nígbà tí jangilọ́fà ń bọ̀ wá bá a. Mo pààrọ̀ ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì, ó hu lójú ẹsẹ̀.

Wáyà mítà 10 tó fún antẹ́nà. Tí rédíò bá kọ̀ láti hu níbì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà, antẹ́nà ló ń jẹ agbára rẹ̀ níbẹ̀. Kapásítọ̀ kékeré láàárín wọn á yanjú ẹ̀. Ẹ lo bátìrì. Tí iná bá lọ ní gbogbo àdúgbò, tí ẹnì kankan kò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀, ẹ tètè gbé e, torí ṣájà, gílóòbù LED àti inverter ló ń da ariwo bò ó. Ààrá ìrọ̀lẹ́ ìgbà òjò kò ní oògùn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Rédíò tó bá ń hu ń fọ́n ìgbì rédíò díẹ̀ ká láti orí antẹ́nà rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1920 sí 1930, igbe rédíò aládùúgbò kì í jẹ́ kí àwọn ẹlòmíì gbọ́ ètò. Ẹ ra kíìtì tó ní tiransísítọ̀ kan láàárín antẹ́nà àti èyí tó ń hu, ó ń dí i lọ́nà.

Ìdájí ni mo fẹ́ràn jù, nígbà tí mítà 40 ń rìn jìnnà, tí ààrá sì ti rọlẹ̀. Lẹ́tà tí ham fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ló ń sọ ilẹ̀ rẹ̀: 5N ni Nàìjíríà, TY ni Benin, 5V ni Togo, CO ni Cuba. Ní ìdájí kan, ẹnì kan ń fi Morse pe ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́, CQ, CQ, fèrè rẹ̀ tín-ín-rín nínú ariwo. Mo fi ìka kan fa REGEN sẹ́yìn, kò tó ìbú irun. Ó yọ kedere: PY, Bràsíìlì.