Ímeèlì àtaré: SPF dòméènì yín kọ́ ló ń gbé e wọlé

Ẹni tó ní dòméènì tirẹ̀, tó sì ń ta ímeèlì rẹ̀ látaré (forward) sí Gmail, kì í pẹ́ rí i pé àwọn kan ń bọ́ sínú spam, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dé rárá. Ìmọ̀ràn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó fi sáfà tó ń ta àtaré kún SPF dòméènì rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ àwọn sáfà tó láṣẹ láti fi orúkọ dòméènì náà ránṣẹ́. Ìmọ̀ràn náà dùn létí, àmọ́ ilẹ̀kùn ẹlòmíì ni wọ́n ní kó lọ kàn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ímeèlì kan lọ. Ẹnì kan ní example.com kọ̀wé sí info@example.org, tó jẹ́ dòméènì yín. Sáfà yín gbà á, ó sì tì í sí Gmail láti orí IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì sáfà) 203.0.113.7. Orúkọ olùránṣẹ́ méjì ló wà lára ímeèlì náà: ọ̀kan wà lẹ́yìn àpòòwé, tí àwọn sáfà ń kà láàárín ara wọn; èkejì wà lórí lẹ́tà inú rẹ̀, ìyẹn ìlà From tí ojú wa ń rí. Ti ẹ̀yìn àpòòwé ni SPF ń yẹ̀ wò. Example.com ló wà níbẹ̀, nítorí náà àkọsílẹ̀ example.com ni Gmail yóò ṣí láti wá 203.0.113.7, kò sì ní bá a níbẹ̀. Kò ní yà sọ́dọ̀ tiyín rárá.

Àfikún yẹn kì í sì í ṣe ohun tí kò lè pani lára. Bí ẹ bá kọ sáfà ilé-iṣẹ́ àtaré sí SPF yín láìnídìí, oníbàárà mìíràn tó ń lo sáfà kan náà lè fi orúkọ yín ránṣẹ́, kó sì yege. Bí SPF yín bá ní kí wọ́n wá inú DNS (ibi tí àwọn àkọsílẹ̀ dòméènì ń gbé) ju ìgbà 10 lọ, tàbí tí ìlà v=spf1 bá di méjì lórí dòméènì kan, permerror ni, ìyẹn àṣìṣe tó ń sọ àkọsílẹ̀ náà di aláìwúlò. Ìyẹn kò sàn ju ẹni tí kò ní SPF lọ.

Sáfà àtaré tó mọṣẹ́ máa ń lo SRS. Ó máa ń tún orúkọ ẹ̀yìn àpòòwé kọ, kó rí báyìí:

SRS0=hh4x=AB=example.com=sender@example.org

Níbí nìkan ni SPF example.org ti wúlò fún àtaré: Gmail yóò ṣí i, yóò rí IP náà, SPF á yege. Ọ̀pọ̀ á sinmi síbẹ̀. Ó kù, nítorí DMARC, ìyẹn òfin tí onídòméènì ń kọ nípa ímeèlì tó bá ń lo orúkọ rẹ̀, fẹ́ kí dòméènì tó yege bá ti ìlà From mu. From ṣì jẹ́ example.com, example.org ló yege. Bí example.com bá ti kọ p=reject sí DMARC rẹ̀, pé kí wọ́n kọ èyí tó bá kùnà, SPF yẹn kò lè gbà á sílẹ̀.

Èdìdì DKIM ló lè gbà á. Olùránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara lẹ́tà àti àwọn ìlà orí bíi From àti Subject, nítorí náà ọwọ́ yòówù kó gbé e kọjá, èdìdì ń bẹ níbẹ̀, bí kò bá ṣáà ti sí ẹni tó tọwọ́ bọ lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí sáfà yín fi kún ìparí rẹ̀ tó láti já a. Àmì «láti ìta» nínú Subject ń já a, ẹ̀rọ aṣọ́kòkòrò tó ń tún líǹkì kọ náà ń já a.

Ẹ fi ojú ara yín rí i. Ní Gmail, ẹ ṣí ímeèlì àtaré kan, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, kí ẹ yan Show original:

spf=pass smtp.mailfrom=…@example.org
dkim=pass header.d=example.com
dmarc=pass header.from=example.com

Ìlà kejì ló gbé ìkẹta. Bí ìlà kejì bá kọ «body hash did not verify», pé ara lẹ́tà ti yí padà, ẹ lọ wá ohun tí sáfà yín fi kún un. Láti àkántì mìíràn ni kí ẹ ti dán an wò: Gmail kì í fi ẹ̀dà ohun tí ẹ fi àkántì kan náà ránṣẹ́ hàn nínú Inbox, ẹ ó sì rò pé ó sọnù.

Olùránṣẹ́ tó kọ p=reject tí kò lẹ èdìdì ńkọ́? ARC, tó jáde ní 2019 gẹ́gẹ́ bíi RFC 8617, ń jẹ́ kí sáfà àtaré jẹ́rìí ohun tó rí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbà á ló máa pinnu bóyá òun gba ẹ̀rí náà. Ó dára jù kí ẹ fi àpótí sílẹ̀ lórí dòméènì yín, kí ẹ máa fi IMAP, ọ̀nà tí áàpù ímeèlì ń gbà ka àpótí orí sáfà, ṣí i.

Èsì tí ẹ ń kọ padà ni àkọsílẹ̀ tiyín ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Láti oṣù kejì 2024, Gmail ń béèrè SPF tàbí DKIM lọ́wọ́ gbogbo olùránṣẹ́. Ẹni tó ń fi nǹkan bí ímeèlì 5,000 ránṣẹ́ sí Gmail lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní méjèèjì pẹ̀lú DMARC. Bí ẹ bá gba smtp.gmail.com fèsì lórúkọ info@example.org, gmail.com ló wà lẹ́yìn àpòòwé, fífi include:_spf.google.com kún SPF yín kò sì tún un ṣe. Ẹ wá SMTP (sáfà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́) tó ń fi d=example.org lẹ èdìdì, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ DKIM oníbíìtì 2048 sí abẹ́ _domainkey nínú DNS yín, kí ẹ sì fi p=none (kí wọ́n máa wò ó nìkan) bẹ̀rẹ̀ DMARC títí ìjábọ̀ rua, èyí tí àwọn tó ń gba ímeèlì ń fi ránṣẹ́ sí yín, yóò fi mọ́.