Obi inú krọ́sìwọ́ọ̀dù kì í ṣe obì tẹ́ ẹ̀ ń jẹ o

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ní Panṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta níbí, níwájú fẹ́ńdọ̀ tá a ti máa ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbàkígbà tí krọ́sìwọ́ọ̀dù, eré inú ìwé ìròyìn tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà ìdáhùn kún àwọn àpótí kéékèèké, bá ti béèrè lẹ́tà mẹ́ta, O, B, I, ẹ̀gbọ́n kan á ti na bírò sí i, á ní "Ẹ ò rí i, obì wa nìyẹn, òyìnbó ti mọyì ẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ọ̀já tí wọ́n fi ń di kìmónò, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Japan. Ta ló ń fi obì di aṣọ?

Èdè Japan ni obi yẹn. Ti obìnrin tó ń lọ òde ńlá máa ń gùn ju mítà 4 lọ, ó sì ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Bẹ́líìtì àwọn tó ń ṣe júdò, obi ni, pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń wé mọ́ ara ìwé tuntun lọ́hùn-ún náà, obi ni. Ìyẹn ò le.

Àmì ló le, ibẹ̀ gan-an lẹ̀gbọ́n yìí ò sì fẹ́ gbọ́. Krọ́sìwọ́ọ̀dù ò mọ àmì orí, kò mọ tìdí. Tó o bá ti bọ́ àmì kúrò, obì àti òbí ti di ọ̀kan náà, kí ló wá dé tí ò sọ pé bàbá àti ìyá òun ni wọ́n kọ síbẹ̀? Mo bi í, ó ní ìwé ń dà mí láàmú. Ó dáa. Àwọn tó ń ṣe krọ́sìwọ́ọ̀dù fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí fáwẹ̀lì pọ̀ nínú ẹ̀ torí òun ni wọ́n fi ń so àwọn ọ̀rọ̀ gígùn pọ̀, bẹ́ẹ̀ fáwẹ̀lì ló kún iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tiwa, wọ́n á ṣáà kọlu ara wọn ni. EWE, abo àgùntàn ni lọ́dọ̀ òyìnbó, àbí torí àgùntàn ń jẹ ewé ni? ODE, ewì ni, kì í ṣe ọdẹ, kì í sì í ṣe ọ̀dẹ̀ (mo mọ ẹni tí mo fẹ́ pè bẹ́ẹ̀). IRE wá ńkọ́? Ìbínú ni! Ire tá à ń tọrọ láràárọ̀, ìbínú ni lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ wá sọ ẹni tó jí i lọ́wọ́ ẹni.

Mi ò ní purọ́ ṣá, ẹ̀gbọ́n ṣì ríbi fẹsẹ̀ lé díẹ̀. Dikṣọ́nárì òyìnbó ní obi mìíràn, obeah ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́, oògùn àwọn aláwọ̀ dúdú erékùṣù Caribbean. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan so ó mọ́ èdè Akan, àwọn kan mọ́ Igbo, wọn ò tíì fẹnu kò. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ èyí báyìí, ó ní ṣebí àwa náà ń da obì. Ó jọ ọ́, mo gbà, àmọ́ ìjọra lásán nìyẹn. Tí wọ́n bá dárúkọ Caribbean, bóyá ká jókòó sọ ọ́. Tó bá ti jẹ́ kìmónò, ẹ gbé obì yín sápò.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó ń to ogún ọ̀rọ̀ kalẹ̀ pé Yorùbá ló bí èdè Japan, ẹ má fi ránṣẹ́ sọ́mọ iléèwé. Ẹ má sì kọ bírò sára ìwé ìròyìn tẹ́ ò tíì rà, torí lánàá, èmi tí mi ò kọ nǹkan kan ni fẹ́ńdọ̀ gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ mi.